Láti Ìdí Ni A Ti Ń To Ẹrù

Kí alábàárù tó gbé ẹrù lérí, ó ní láti kọ́kọ́ ká aṣọ ṣe òṣùká. Kò sí oníbàárà tó ń béèrè òṣùká, kò sì sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kí ẹrù dun orí, òun náà ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Ẹrù ilé iṣẹ́ náà ní òṣùká tirẹ̀. Páálẹ̀ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ti rí i rí. Pákó tí wọ́n kàn pọ̀ pẹlẹbẹ ni, tí ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wà ní èbúté Apápá, ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ó wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Nígbà tó bá gbó, àwọn kan á fi kan ibùsùn, àwọn kan á fi dáná. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé igi lásán ni. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu iye ọjà tí kọ̀ntéínà máa gbà, òun ló ń pinnu bóyá ọjà máa gúnlẹ̀ láìfọ́, òun náà ló sì lè mú kí ìlú tí ẹrù ń lọ kọ̀ ọ́ ní èbúté.

Àyè abẹ́ rẹ̀ ni agbára rẹ̀

Bí ẹ bá wo páálẹ̀ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àyè tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín pákó òkè àti ilẹ̀. Inú àyè yìí ni fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ń ti ọwọ́ irin rẹ̀ méjèèjì bọ̀. Tó bá ti gbé ọwọ́ náà sókè, gbogbo ohun tó wà lórí pákó á dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ páálí 60 tàbí àpò sìmẹ́ǹtì 40. Ọ̀pọ̀ ẹrù ti di ẹrù kan.

Lọ́dún 1931, ìwé ìròyìn àwọn onírélùwéè kan ní Amẹ́ríkà sọ iye àkókò tí èyí ń gbà là. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi já páálí oúnjẹ inú agolo 13,000 kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin kan nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé e níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n to iye kan náà sórí páálẹ̀ẹ̀tì, wákàtí mẹ́rin ni iṣẹ́ parí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó páálẹ̀ẹ̀tì àti fọ́kílíìfù káàkiri ayé. Lára ohun èlò tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ọsirélíà lẹ́yìn ogun ni CHEP ti bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò ní páálẹ̀ẹ̀tì títí dòní. Nígbà tó di ọdún 1961, àwọn onírélùwéè ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá gbé páálẹ̀ẹ̀tì tó lẹ́rù lórí wá lè gba òfìfo irú rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kàn án

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, igi gígùn mẹ́ta ló wà láàárín pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni fọ́kílíìfù sábà máa ń rí gbà wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú ti èkejì, kùkùté igi mẹ́sàn-án ló rọ́pò igi gígùn yẹn, nítorí náà ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fọ́kílíìfù lè gbà wọlé. Páálẹ̀ẹ̀tì Yúróòpù jẹ́ oríṣi kejì yìí: pákó 11, kùkùté 9, ìṣó 78. Òun fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 25, ó sì lè gbé kílò 1,500 tí wọ́n bá tẹ́ ẹrù náà dọ́gba lórí rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìṣó. Ìṣó tí ara rẹ̀ dán máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí tírélà ṣe ń gbọ̀n lọ́nà, orí rẹ̀ á sì máa dá àpò lu. Ìṣó tí ara rẹ̀ lọ́ ni ó ń di igi mú ṣinṣin.

Tí ẹni tó ń ta páálẹ̀ẹ̀tì bá sọ iye ẹrù tí ó lè gbà, ẹ bi í léèrè pé, “Níbo?” Ìwọ̀n mẹ́ta ni páálẹ̀ẹ̀tì ní. Ìkíní ni ìgbà tó jókòó sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìkejì ni ìgbà tí fọ́kílíìfù gbé e, ìkẹta ni ìgbà tó wà lórí pẹpẹ irin tó jẹ́ pé etí rẹ̀ méjì nìkan ló rí nǹkan gbára lé. Páálẹ̀ẹ̀tì kan lè gba tọ́ọ̀nù 4 nílẹ̀, kó gba tọ́ọ̀nù 1 àbọ̀ lọ́wọ́ fọ́kílíìfù, kó má sì lè ru ju tọ́ọ̀nù 1 lọ lórí pẹpẹ. Ẹni tó gbọ́ ti ilẹ̀, tó wá lọ gbé e sórí pẹpẹ, ti fi ẹ̀mí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ wewu.

Páálẹ̀ẹ̀tì àti kọ̀ntéínà

Ní ti òòró àti ìbú páálẹ̀ẹ̀tì, ìwọ̀n mẹ́fà ni àjọ ISO, tó ń ṣètò ìwọ̀n káàkiri àgbáyé, fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń lò jù ní Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 1,200 sí 800. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1,200 sí 1,000 ló gbòde. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1,219 sí 1,016, èyí tí í ṣe ínǹṣì 48 sí 40. Ti Japan àti Kòríà jẹ́ 1,100 sí 1,100.

Inú kọ̀ntéínà fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2.35. Ẹ wò ó: páálẹ̀ẹ̀tì 1,200 méjì tí a bá to òòró wọn tẹ̀ léra ní ìbú kọ̀ntéínà jẹ́ mítà 2.40. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ló lé, kò sì ní wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń dá ọ̀kan ní ìbú, kí wọ́n dá ìkejì ní òòró, kí 1,200 àti 1,000 jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Báyìí, kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 20 á gba páálẹ̀ẹ̀tì 10 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,200 sí 1,000, ti ẹsẹ̀ bàtà 40 á sì gba 20 tàbí 21. Ti Japan, tí méjì rẹ̀ jẹ́ mítà 2.20, kò nílò àyídáyidà kankan.

Sẹ̀ǹtímítà méjì tó jẹ gaàrí run

Ká ní ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ fi gaàrí ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó di gaàrí sínú ọ̀rá, ó wá ní kí wọ́n ṣe páálí tó máa gba kílò 15. Oníṣẹ́ páálí bi í ní ìwọ̀n, ìyá ní kí ó ṣe é ní mìlímítà 420 sí 320, kí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 250. Ó rẹwà, gaàrí sì wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò ó sórí páálẹ̀ẹ̀tì 1,200 sí 1,000, bó ti wù kí wọ́n yí i, mẹ́jọ péré ló gba ìpele kan. Ìpele mẹ́fà jẹ́ páálí 48. Páálẹ̀ẹ̀tì 10 nínú kọ̀ntéínà jẹ́ 480.

Ká ní ó gé sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò ní òòró àti ní ìbú, tí páálí náà di 400 sí 300, ìpele kan á gba mẹ́wàá láìṣẹ́kù àyè kankan: mẹ́rin ní ìlà kan, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà méjì tó kù. Ìpele mẹ́fà á di 60, kọ̀ntéínà á di 600. Páálí 120 ni ìyàtọ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù gaàrí kan àti kílò 800. Iye kan náà ló máa san fún ọkọ̀ ojú omi yálà àyè yẹn kún tàbí kò kún.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ mọ̀ nìyí. Láti ìdí ni a ti ń gun igi. Ẹ mọ kọ̀ntéínà, kí ẹ mọ páálẹ̀ẹ̀tì tó bá a mu, kí ẹ wá pín páálẹ̀ẹ̀tì sí páálí, kí ẹ tó pín páálí sí ọ̀rá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá máa ru afẹ́fẹ́ kọjá òkun.

Bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń dì í

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni páálí fi ń ru ẹrù, àárín rẹ̀ kò ní agbára púpọ̀. Tí igun bá jókòó sórí igun láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á dúró bí òpó ilé. Tí ẹ bá tò ó bí ẹni to búlọ́ọ̀kù, tí igun òkè bọ́ sí àárín ti ìsàlẹ̀, kò ní tètè yẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ to igun sórí igun, kí ẹ fi ìdè mú ìyókù. Ẹ má sì jẹ́ kí páálí yọ jáde ní etí páálẹ̀ẹ̀tì, nítorí igun tí kò rí pákó tẹ̀ kò ru nǹkan kan.

Ọ̀rá tó ń nà ni ìdè tó wọ́pọ̀ jù. Láti ara páálẹ̀ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni kí wíwé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹrù àti pákó lè di ọ̀kan. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí wọ́n wé páálí nìkan, kí ẹrù wá yọ̀ kúrò lórí pákó nígbà tí tírélà bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ fi páálí líle bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí okùn tó bá dè é má baà gé ọjà. Àyè tó bá sì ṣẹ́kù nínú kọ̀ntéínà, ẹ fi àpò afẹ́fẹ́ dí i, nítorí ọkọ̀ ojú omi máa ń fì sọ́tùn-ún, fì sósì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Lẹ́yìn fífì ọkọ̀, ọ̀tá kejì ni ọ̀rinrin. Ẹrù tí wọ́n dì nínú ooru Èkó máa ń gbé omi inú afẹ́fẹ́ dání. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ inú òtútù, omi yẹn á gbá jọ sí òrùlé irin kọ̀ntéínà, á sì máa kán sórí ọjà bí òjò. Páálí tó bá mu omi lè pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn tó ń kó kòkó àti kajú ṣe ń so àpò tó ń fa omi mọ́ ara kọ̀ntéínà, tí wọ́n sì ń tẹ́ páálí sí òkè ẹrù. Páálẹ̀ẹ̀tì tí igi rẹ̀ kò gbẹ náà ń dá kún omi yìí.

Àmì orí igi

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ti igi. Lọ́dún 1996, wọ́n rí kòkòrò kan láti ilẹ̀ Éṣíà tó ń dá igi lu ní Brooklyn, ní New York; igi tí wọ́n fi di ẹrù ni wọ́n gbà pé ó gbé e wọ ìlú. Ní 1999, wọ́n rí aràn tó ń pa igi páìnì ní Pọtogí. Kí irú èyí má baà máa ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2002, àjọ IPPC, tó ń dáàbò bo ewéko lábẹ́ FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé), gbé òfin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISPM 15.

Ohun tí òfin yìí ń béèrè ni pé kí igi tí a fi di ẹrù ti gba ìtọ́jú kó tó kọjá bodè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ooru: kí inú igi, títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀, gbóná dé ìwọ̀n 56 Celsius fún ìṣẹ́jú 30 láìdáwọ́ dúró. Èkejì ni kí wọ́n fi gáàsì methyl bromide pa kòkòrò inú rẹ̀, àmọ́ gáàsì yìí ń ba ozone ojú ọ̀run jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò sì gbà á láyè mọ́ láti 2010.

Lẹ́yìn ìtọ́jú ni wọ́n máa ń tẹ àmì sára igi. Ẹ máa wá nǹkan mẹ́rin: àwòrán ṣírí ọkà, lẹ́tà méjì fún orílẹ̀-èdè (NG ni ti Nàìjíríà), nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, àti HT fún ooru tàbí MB fún gáàsì. Àjọ NAQS ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa. Tí àmì kò bá sí, ìlú tí ẹrù ń lọ lè dá a padà, wọ́n sì lè dáná sun igi náà, ẹlẹ́rù ni yóò sanwó. Bí káfíńtà bá fi pákó tuntun tún páálẹ̀ẹ̀tì ṣe, pákó náà gbọ́dọ̀ ti gba ìtọ́jú pẹ̀lú. Òfin yìí kò kan ike, kò sì kan pílíwúùdù. Àwọn tó ń kó oògùn àti oúnjẹ fẹ́ràn ike nítorí ó ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju igi lọ, tó bá sì fọ́, kò sí káfíńtà tó lè kàn án.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń fi páálẹ̀ẹ̀tì àlòkù yan ẹja: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ kò mọ kẹ́míkà tó ti dà sórí rẹ̀ lọ́nà. Èyí tí MB wà lára rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ gbé e sínú ilé.

Ìyá oníṣòwò Ìjẹ̀bú yẹn kò ṣe gaàrí tí kò dára. Òṣùká ni kò wọ̀n kó tó di ẹrù. Nígbà mìíràn, kí ó tó lọ bá oníṣẹ́ páálí, kí ó kọ́kọ́ mú téèpù lọ sídìí páálẹ̀ẹ̀tì, kí ó wọn òòró, kí ó wọn ìbú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, páálí 120 ni yóò sì fi rí gbà.