Kí Ló Ń Mú Kí Odídẹ Máa Tu Ìyẹ́ Ara Rẹ̀?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí odídẹ kan ti wà lọ́dọ̀ bàbá onílé wa ní Ajílòsùn, l'Ádó-Èkìtì. Ó mọ orúkọ gbogbo ará ilé, ó sì máa ń fara wé ìró jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn bàbá wọ yunifásítì ni mo ṣàkíyèsí pé àyà ẹyẹ náà ti di ìhòòhò, ìyẹ́ sì kún ilẹ̀ kéèjì. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní ẹnìkan ló ń yọ́ tu ú nítorí ìkóodẹ. Ṣùgbọ́n ìkóodẹ ìdí rẹ̀ ṣì pé.

"Bàbá, ẹ wo orí rẹ̀ ná," mo ní.

Ìyẹ́ orí pé pérépéré. Àmì ńlá nìyẹn o. Ẹnu odídẹ kò lè dé orí ara rẹ̀. Tí àyà bá ṣí sílẹ̀ tí orí sì pé, ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń tu ú.

Dókítà ẹran la kọ́kọ́ pè, torí àìsàn ara, kòkòrò tàbí oúnjẹ tí kò dáa náà lè fà á. Kò rí àrùn kankan. Ó wá béèrè pé kí ni ẹyẹ ń jẹ, ta ló sì ń bá a ṣeré. Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀pà àti búrẹ́dì ni. Àwọn ọmọ ló máa ń bá a ṣeré, wọ́n sì ti lọ."

Nínú igbó, odídẹ kì í dá gbé. Agbo wọn máa ń fò lọ jìnnà wá oúnjẹ, wọ́n á sì fẹnu bó ẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú kéèjì, oúnjẹ wà nínú abọ́, iṣẹ́ parí ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnu tí kò ríṣẹ́ ṣe, tí másùnmáwo tún wà ńbẹ̀, á kọjú sí ìyẹ́.

Ní 2003, Cheryl Meehan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ayékòótọ́ Amazon. Àwọn tí kéèjì wọn ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa jẹ lẹ́nu, tí wọ́n sì fi oúnjẹ pamọ́ kí wọ́n máa wá a, ìyẹ́ wọn padà dáa.

Ohun táwa náà ṣe nìyẹn. A so ẹyìn mọ́ kéèjì. A fi háríhá àgbàdo wé ẹ̀pà kó máa tú u. A gbé e wá sí pálọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kó lè máa rí èèyàn láìbẹ̀rù. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó da aṣọ bò ó kó lè sùn tó wákàtí mẹ́wàá. Lásìkò ọyẹ́, a ń fọ́n omi sí i lára. A ò sì pariwo mọ́ ọn mọ́ tó bá ń tu ìyẹ́, torí ariwo náà á dà bí eré létí rẹ̀. Ẹ má fún un ní píà o, májèlé ni fún un.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ hù láyà rẹ̀. Ibì kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ kò hù. Tí wọ́n bá tu ìyẹ́ lójú kan náà léraléra, gbòǹgbò rẹ̀ lè bàjẹ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Bàbá fẹ́ ra òmíràn wá bá a gbé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Odídẹ ti ń tán nínú igbó, débi pé ní 2016, ìpàdé CITES ní Johannesburg fòfin de títa odídẹ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Bàbá gbà. Láràárọ̀ báyìí, kí wọ́n tó mu tíì, ẹ̀gbẹ́ kéèjì ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa bó ẹ̀pà, tí wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀.