Ohun Tó Ṣe É Fi Rọ́pò Nínú Oúnjẹ Olú

Oúnjẹ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá láti fi gbin olú oyster nílé kò le: ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ 10kg, èèpo àlìkámà 2kg, lime àgbẹ̀ 100g, àti omi. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Muṣin mọ èèpo yìí sí wheat offal. Bí ọ̀kan bá wọ́n, tàbí tí kò sí lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú àpò náà. Ohun tó bá lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni arọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ohun tó bá jọ ọ́.

Pákó ni olú ń jẹ jù. Òkìtì rẹ̀ máa ń kún ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àmọ́ oríṣiríṣi igi ló dàpọ̀ níbẹ̀. Arère rọ̀, olú sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Ìrókò kì í bọ̀rọ̀ jẹrà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ilẹ̀kùn ìrókò pẹ́ láyé náà ni kì í jẹ́ kí olú ráàyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu ti abẹ́ ayùn fún yín nígbà tí wọ́n bá ń la arère. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn kò ṣe é lò rárá. Bí kò bá sí pákó, ẹ sá ṣùkù àgbàdo gbẹ, kí ẹ gún un wẹ́wẹ́ tó hóró ẹ̀wà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ra bó bá tutù, nítorí náà ẹ fi ṣùkù lú u kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà.

Iṣẹ́ wheat offal ni láti fún olú ní amúaradàgbà tí kò tó nǹkan nínú pákó. Bíi ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ ni amúaradàgbà, èyí tó túmọ̀ sí pé 300g ló wà nínú 2kg. Ti sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tó bíi ìdá 44, nítorí náà 700g ti tó; ẹ fi pákó dí ìyókù. Ẹni tó bá wọn 2kg sóyà síbẹ̀ ti se àsè fún èbu: àpò á gbóná, á bu, àwọ̀ ewé á sì bò ó kí òwú funfun olú tó ta.

Eérí ògì wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Súrùlérè, ó sì ṣe é lò dípò wheat offal. Ṣùgbọ́n ó ti kan, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fún un, ẹ sá a gbẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gbé e lé ìwọ̀n.

Lime ló ń pa kíkan. Èèpo ẹyin tí ẹ lọ̀ kúnná lè rọ́pò rẹ̀, 100g fún 100g. Eérú igi náà lè ṣe é, àmọ́ ó le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà funfun bíi lime, ṣùgbọ́n kò lè pa kíkan.

Ohun yòówù tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ tún omi wò, torí wọn kì í mu omi bákan náà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un gidi. Bí omi bá kán ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìka, ó tó. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù; bí ó bá tú ká nígbà tí ẹ ṣíwọ́, kò tíì tó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ooru omi sè é nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí mẹ́rin, kí ó tutù dáadáa, kí ẹ tó fi irúgbìn olú sí i. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú àpò méjì péré, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Bí èyí tuntun bá bu, tí ti tẹ́lẹ̀ kò bu, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa dín kù.