Láti Èrìgì Dé Ọpọlọ: Bí Àrùn Ọkàn Ṣe Ń Mú Iṣan Inú Orí Wú

Bí tíúbù kẹ̀kẹ́ bá ti gbó lójú kan, ojú ibẹ̀ ló máa wú bíi kókó bí a bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fọkanáísà kì í gbójú fo irú kókó bẹ́ẹ̀, torí ó mọ̀ pé yóò bẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ náà máa ń wú bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, inú ọkàn ni ohun tó sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ ti wá.

Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí egbò ara lè jẹ́ kí bakitéríà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí fáàfù ọkàn, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì fún ẹ̀jẹ̀, bá ti lábùkù, wọ́n á rí ibi lẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ibà tó ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn àwọn ọmọdé, tó ń mú oríkèé ara wú, wà lára ohun tó ń ba fáàfù jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ á dì bo àwọn kòkòrò náà. Bí ègé kan bá já, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí orí, kó há síbi tí iṣan tín-ín-rín ti pẹ̀ka, kó máa jẹ ògiri rẹ̀ títí yóò fi wú.

Ní 1885, Dókítà William Osler, ọmọ Kánádà, fún irú wíwú yìí ní orúkọ tó jẹ mọ́ olú nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní London, torí ìrísí ohun tó hù sára fáàfù. Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà títí dòní: bakitéríà ló sábà ń fà á.

Ibà tí kò lọ, òógùn òru àti rírù ló máa ń ṣáájú. Bí orí bá wá fọ́ lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló yá.

Ọ̀pọ̀ á ti pe ibà náà ní ibà ẹ̀fọn, wọ́n á ra kápúsù pupa àti yẹ́lò mẹ́rin lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì. Kápúsù náà kò tó pa àrùn, àmọ́ ó tó fi kòkòrò pamọ́ kí àyẹ̀wò má rí i. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò kí oògùn tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà ń fi gba oògùn apakòkòrò sínú iṣan. Wíwú mìíràn á lọ. Èyí tó ń tóbi tàbí tó ti bẹ́ lè gba iṣẹ́ abẹ.

Ẹni tó bá mọ̀ pé fáàfù ọkàn òun ti bàjẹ́, kó sọ ọ́ fún dókítà eyín kó tó la ẹnu fún un.