Oògùn Tí A Fi Ń Fín Kòkó, àti Ìṣọ́ra Tí Ó Yẹ Àgbẹ̀

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láìdá, tí ọ̀rinrin sì bo abẹ́ igi kòkó, kò sí àgbẹ̀ kan ní Oǹdó, ní Iléṣà tàbí ní Ifẹ̀ tí kò mọ ohun tí ń bọ̀. Èso kòkó yóò máa dúdú lórí igi, kòkòrò yóò sì máa fa omi ara ẹ̀ka tútù mu títí ẹ̀ka náà yóò fi gbẹ. Nígbà náà ni a ń gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rere ni, nítorí ẹni tí kò fín kòkó rẹ̀ lè kórè òfo. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á rántí pé oògùn tí ó lè pa kòkòrò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ọmọ ènìyàn.

Ní abúlé kan tí a mọ̀, bàbá kan fín oko rẹ̀ tán, oògùn sì kù díẹ̀. Ó dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó gbé e sí abẹ́ ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti ibi eré dé pẹ̀lú òùngbẹ, ó rí ìgò náà, ó sì gbé e mu. Ìyá rẹ̀ sáré bu epo pupa sí i lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọn fi gbé e dé ilé ìwòsàn, òógùn bo ọmọ náà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni dókítà kọ́kọ́ bi wọn: “Oògùn wo ni ó mu?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, nítorí orúkọ ọtí ni ó wà lára ìgò. A gba ọmọ náà là, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó lè dìde, kòkó ọdún náà sì bá owó ìwòsàn lọ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà mẹ́ta ni oògùn ń gbà wọ inú ènìyàn: ẹnu, imú, àti awọ ara. Ẹnu nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tí ń fín oko, awọ ara ni ilẹ̀kùn tí ó gbòòrò jù lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń jò sí ẹ̀yìn, tí ẹ̀wù sì tutù mọ́ ara láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, olúwarẹ̀ ń mu oògùn láìfi ẹnu kàn án. Ẹ̀yà oògùn apakòkòrò kan wà tí kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, òógùn àti itọ́ púpọ̀, èébì, àti ojú tí ẹyin dúdú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe èyí ní ibà, wọn a sì padà sí oko ní ọjọ́ kejì.

Kí á má sì rò pé ohun tí a ti ń lò tipẹ́ kò lè ṣe ibi. Gammalin 20 ni àwọn bàbá wa fi ń fín kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja tà. Lindane tí ó wà nínú rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti omi, ó sì ń ba iṣan ara jẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò láyé. Bákan náà ni paraquat tí a fi ń pa koríko: ẹnu kan nínú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, kò sì sí ẹ̀rọ̀ tí ó ń borí rẹ̀. NAFDAC fi òfin dè é ní ilẹ̀ wa láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ṣì ń tà á fún ọ, ikú ni ó ń tà.

Àwọn tí ń ṣe oògùn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àìṣọ́ra. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́ ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1984, ní ìlú Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà, nǹkan bí 40 tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ olóró jáde láti ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn apakòkòrò. Àwọn tí ó kú ju 3,000 lọ. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó mú oògùn náà tutù wà níbẹ̀, wọn ti pa á. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó sun afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀, wọn ti tú páìpù rẹ̀. Òfin ìṣọ́ra tí a kò pa mọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á pa ìwọ̀nyí mọ́:

1. Ka ìwé tí ó wà lára ìgò kí o tó ṣí i. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n kà, pe ọmọ ilé ìwé kí ó kà á fún ọ. Lára ọ̀pọ̀ ìgò, àmì pupa ni ó burú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ìyeyè, lẹ́yìn rẹ̀ aláwọ̀ aró, kí ó tó kan aláwọ̀ ewé.
2. Wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà rọ́bà àti ìbòmú. Igi ni kí o fi po oògùn, má ṣe fi ọwọ́ pò ó.
3. Kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ nígbà tí o bá ń fín in. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi àti koríko rírọ̀ ni kí o fi là á.
4. Má ṣe jẹun, má ṣe mu sìgá, títí ìwọ yóò fi fi ọṣẹ wẹ̀. Fọ aṣọ oko lọ́tọ̀ sí aṣọ ilé.
5. Má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fín oògùn. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2001 lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ eléwu.
6. Má ṣe da oògùn sínú ìgò mìíràn láéláé. Tì í mọ́ inú àpótí. Ìgò tí ó ṣófo, fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfínkòkó, kí o sì lu ìgò náà ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má bà á fi pọn omi.

Bí oògùn bá mú ẹnìkan, ẹ gbé e kúrò nínú oko, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá mu ún, ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí wàrà rọ ọ́, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Epo kì í pa oró náà, ó sì lè gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kòkó ọdún yìí bàjẹ́, ti ọdún tí ń bọ̀ lè dára. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó kú kò ní ìkórè mìíràn.