KÍ WỌ́N TÓ PÀÀRỌ̀ ORÚNKÚN YÍN

 

Ọ̀rọ̀ orúnkún la mú wá lóṣù yìí. Àwa tí a ti ń rẹrù láti kékeré, tí a ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a mọ bí oríkèé ṣe ń roni. Tó bá ti jẹ gan-an, dókítà lè ní kí wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n fi ti irin àti ike rọ́pò. Òyìnbó kan, John Charnley, ló ṣe ti ìbàdí ní England lọ́dún 1962 lọ́nà tí ayé ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń ṣe é ní Igbóbì l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún nìkan ni wọ́n máa ń wò. Àìsàn tó ti wà lára yín tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ewu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtọ̀ ṣúgà. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, egbò kì í tètè jinná, kòkòrò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Irin ọ̀hún kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí kòkòrò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ká a. Ó lè gbọyún, kí wọ́n tún la ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n yọ irin olówó gọbọi yẹn dànù. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ti gba èsúsú, àwọn ọmọ ti dáwó, ni wọ́n bá dá a padà nítorí ṣúgà. Inú bí i, ó ní owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Àánú ni wọ́n ṣe é o! Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn, ẹ kò lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan tàn án.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn bá ti ká kò ní kí wọ́n má ṣe é. Àìtó ẹ̀jẹ̀, sísanra jù, egbò ẹsẹ̀, eyín tó ń rà, kí wọ́n tọ́jú wọn ṣáájú. Ó yà yín lẹ́nu pé eyín dé ọ̀rọ̀ orúnkún, àbí? Kòkòrò ẹnu a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ìdí irin.

Ti àwọn ọmọ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS tún yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan dáadáa, egungun náà a sì kú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 30 a máa tiro. Ìbàdí ni wọ́n ń pààrọ̀ fún irú wọn. Òtútù àti òùngbẹ lè gbé ìrora wọn dìde nígbà iṣẹ́ abẹ, torí náà kí dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà egungun jọ mọ̀ sí i.

Oògùn ló wá dùn wá jù. Alabukun tí a ń lá lójoojúmọ́, aspirin wà nínú ẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Oògùn àdàpọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri tà ńkọ́? Òmíràn ní prednisolone tàbí dexamethasone nínú. Ara á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ṣúgà á gòkè, egungun ò ní lágbára mọ́. Ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́, kó má dá a dúró lójijì, ewu ni. Dókítà ni kó bi.

Fún àyẹ̀wò, Federal Teaching Hospital wà nítòsí wa ní Ìdó. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan lọ, títí kan àgbo inú ìgò. Ẹ mú ọmọ kan tó mọ̀wé dání, kó lè ka ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ dá èyí dúró, kí ẹ máa lo tọ̀hún lọ.