Òkè Iyanrìn Ẹnu Ọ̀sà Èkó àti Ìfọ́ Ọkọ̀ Ìgbòkun

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru, kí á wà á ruru. Ẹni tí ó bá ń gba òpópó Òṣòdì sí Àpápá kọjá ní Ìsọlọ̀ yóò rí ọkọ̀ àjàgbé tí ó ru kọ̀ǹténà bọ̀ láti èbúté. Ó lè rò pé bí ẹrù ṣe ń wọ Èkó láti ayébáyé nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ibi ẹ̀rù ni ẹnu ọ̀sà Èkó jẹ́ fún atukọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí ọkọ̀ ìgbòkun onípákó fi ń fọ́ níbẹ̀, àti ojútùú tí wọ́n wá sí i.

Bí ewu náà ṣe rí
Ìgbì a máa gbé iyanrìn etí òkun wa láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bí iyanrìn yìí bá pàdé omi ọ̀sà tí ń ṣàn jáde, yóò dúró, yóò sì di òkè lábẹ́ omi. Òkè yìí ni orúkọ Bar Beach ń tọ́ka sí. Omi orí rẹ̀ kò jìn, kì í sì í dúró lójú kan. Ìgbì tí ó bá dé ibẹ̀ yóò ga, yóò sì wó, pàápàá ní àsìkò òjò.

Atẹ́gùn nìkan ni agbára ọkọ̀ ìgbòkun. Bí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró, tàbí tí ìjì bá ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ìdí rẹ̀ yóò gbá iyanrìn. Ìgbì kan yóò gbé e sókè, yóò sì jù ú sílẹ̀. Èkejì yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó yóò máa ṣí kúrò lára ara wọn, omi yóò wọlé, òpó ìgbòkun yóò sì dá. Nítorí náà ni ọkọ̀ ńlá ṣe ń dúró lójú òkun, tí ọkọ̀ kéékèèké sì ń gbé èrò àti ẹrù la ìgbì kọjá.

Òṣòdì Tápà àti ogun 1851
Òkè yìí jẹ́ odi fún Èkó pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ọba Kòsọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun ńlá Sampson kò lè wọlé. Bloodhound àti Teazer, tí wọ́n ní ẹ̀rọ, ni ó wọ ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ kéékèèké. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì rì mọ́ iyanrìn níbi tí ìbọn àwọn ará Èkó ti lè bà wọ́n. Òṣòdì Tápà, tí orúkọ Òṣòdì so mọ́, wà lára àwọn olórí ogun Kòsọ́kọ́.

Ojútùú àti owó rẹ̀
Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá a máa já ẹrù sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá sí Èkó. Ní ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ odi wọ inú òkun. Láti Arò ní Abẹ́òkúta ni rélùwéè ti ń kó òkúta náà, tí ó ń gba Òṣòdì kọjá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó.

Ṣùgbọ́n odi tí ó dá iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn kò jẹ́ kí ó dé ìlà-oòrùn mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, débi pé ní ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, omi ń ya wọ títì. Odi mìíràn ni wọ́n tún ní láti mọ.

Ìkádìí
Olùkọ́ lè fi ọpọ́n, iyanrìn àti omi ṣe àfihàn èyí ní kíláàsì: kí ó gbé pátákó dí iyanrìn lọ́nà, kí ó máa rú omi, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wo ẹ̀gbẹ́ tí yóò ga àti èyí tí yóò ṣófo. Wọn yóò rí i pé ẹni tí ó bá tún ọ̀nà omi ṣe ní apá kan gbọ́dọ̀ bojú wo apá kejì.