Ojú Fóònù ni Oníbàárà Fi Ń Wo Ṣọ́ọ̀bù Yín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ní ayé àtijọ́, ẹnu ni a fi ń polówó. Ẹni tí ń ta ẹ̀kọ a máa kígbe, ẹni tí ń ta aṣọ a sì máa ta á sórí okùn kí èrò ọ̀nà lè rí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ èrò ni kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá mọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò ti rajà. Inú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní ìdálẹ̀ gidigidi. Ẹni tó wà ní ìlú rẹ̀ ní ẹbí, ó ní ẹgbẹ́, ó sì ní ará àdúgbò tí yóò máa darí èrò sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn odi, ọwọ́ àlejò tí kò mọ̀ rí ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí àlejò náà kò bá rí i, kò sí ẹni tí yóò júwe rẹ̀.

OHUN TÍ ETÍ MI GBỌ́ NÍ UNGWAN ROMI

Ní Ungwan Romi, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, ìyá kan wà níbẹ̀, ọmọ Òṣogbo, tó ń rán aṣọ, tó sì ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè. Ọkọ rẹ̀ bá ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńláńlá ìlú náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yìí ló di òpó tí gbogbo ilé fara tì.

Ó kó owó àjọ, ó sì fi san owó fún ọmọkùnrin kan kí ó ṣe ojú òpó ayélujára fún òwò rẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi iṣẹ́ ọ̀hún hàn án lórí kọ̀ǹpútà, ó sì dára lójú. Ọdún kan kọjá, kò sí ẹni tó ti ibẹ̀ wá.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kan, mo wá gba agbádá mi, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan láti Barnawa wọlé.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣé ibí lẹ wà! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, a wá ẹni tí yóò rán aṣọ ẹbí lórí Google. Ìsàlẹ̀ pátápátá la ti rí orúkọ yín. Nígbà tí a ṣí i, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. A fà á sọ́tùn-ún, a fà á sósì, a ò rí nọ́ńbà tí a lè pè. La bá gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.”

“Aṣọ ènìyàn mélòó ni, ọmọ mi?”

“Ọgọ́ta ni, Màmá.”

Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, “Ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gba ẹni tó fẹ́ wọlé?” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí.

BÍ GOOGLE ṢE Ń TÒ WÁ LẸ́SẸẸSẸ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oríire tàbí owó ló ń gbé ojú òpó kan sókè lórí Google. Lóòótọ́, ààyè ìpolówó tí a ń san owó fún wà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn tó kù, Google a máa rán ìránṣẹ́ kan tí kì í ṣe ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní Googlebot, láti lọ ka ohun tó wà lójú òpó kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá rí ni wọn yóò fi mọ ibi tí wọn yóò tò ó sí.

Tẹ́lẹ̀ rí, ìránṣẹ́ yìí a máa wo ojú òpó bí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2015, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú òpó tó bá fóònù mu ga ju èyí tí kò bá a mu lọ, nígbà tí ẹni tó ń wá nǹkan bá ń lo fóònù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n kéde pé ohun tó hàn lórí fóònù ni àwọn yóò máa kà ṣáájú. Láti oṣù Keje ọdún 2019 ni èyí ti di òfin fún gbogbo ojú òpó tuntun, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024, ó kárí àwọn tó kù.

Ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ yé wa. Ohun tó hàn lórí kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí kò hàn lórí fóònù, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rárá ni lójú Google. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, fóònù sì ni ilé tí Google ń wò báyìí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé bíbá fóònù mu nìkan ló ń gbé ènìyàn dé òkè. Bí ọ̀rọ̀ inú ojú òpó ṣe dáhùn ohun tí oníbàárà béèrè ṣì ni olórí. Ṣùgbọ́n bí ọjà méjì bá dára bákan náà, èyí tó rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrò yóò yà sí.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Èkíní, ẹ yá fóònù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ fi ṣí ojú òpó yín pẹ̀lú dátà lásán. Bí ẹ bá ní láti fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lè kà á, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Google pẹ̀lú ní ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní PageSpeed Insights. Ẹ kọ àdírẹ́sì ojú òpó yín síbẹ̀, yóò sọ àìsàn rẹ̀ fún yín. Wọ́n fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5.

Èkejì, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe é pé ìlànà responsive ni ẹ fẹ́. Amẹ́ríkà kan, Ethan Marcotte, ló fún ìlànà yìí lórúkọ ní ọdún 2010. Ohun tó ń ṣe ni pé ojú òpó kan ṣoṣo yóò máa fẹ̀, yóò sì máa sún kì, gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó. Kò sí ìdí láti san owó ojú òpó méjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ dín ìwúwo àwòrán kù. Àwòrán kan ṣoṣo tí a fi fóònù ìgbàlódé yà lè tó mẹ́gábáìtì 4. Bí ẹ bá kó 10 sójú ewé kan, mẹ́gábáìtì 40 nínú dátà oníbàárà ni ẹ fẹ́ jẹ. Kò ní dúró dè yín. A lè dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí kìlóbáìtì 200 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì dára lójú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àwòrán. Iye owó, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti àdúgbò yín, ẹ fi lẹ́tà kọ wọ́n. Ẹlòmíràn ń kọ Ungwan Romi, ẹlòmíràn ń kọ Angwan Romi. Kò sí ohun tó burú bí méjèèjì bá wà níbẹ̀. Kí nọ́ńbà yín wà lókè, kí ó sì jẹ́ èyí tí a lè fọwọ́ tẹ̀ kí ó pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ló ń mú kí ṣọ́ọ̀bù hàn lórí àwòrán ilẹ̀ fún ẹni tó ń wá aránṣọ nítòsí.

Àwọn kan yóò ní WhatsApp àti Facebook ti tó àwọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní nọ́ńbà yín ló lè kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, Google ló ń bi.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ìyá wa ní Ungwan Romi ti tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń dín àwòrán kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá náà kò sọ fún mi pé òun ti di olówó. Ohun tó sọ ni pé ẹnì kan tí òun kò mọ̀ rí pe òun ní alẹ́, pé ó rí àdìrẹ lórí fóònù, ó sì ń béèrè bóyá òun lè rán ti ènìyàn 15 kí ọjọ́ Sátidé tó pé.

“Mi ò tilẹ̀ béèrè ẹni tó júwe mi fún un,” ó ní. “Mo kàn mú ìwọ̀n mi jáde.”